Orúkọ Ohun Tó Ń Ṣe Mútíátù

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, kò sẹ́ni tó ṣe mí bí ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀. Ìyá mi kò sunkún. Ó ní, "Ìbàdàn lò ń lọ, kì í ṣe ìlú òyìnbó. Yorùbá là wá, Yorùbá ni wọ́n." Òótọ́ ló sọ. Kétu tiwa wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ nílé ìwé, ṣùgbọ́n Yorùbá là ń sọ nínú ilé. Òun la fi ń jà, òun la fi ń gbàdúrà. Rááṣídì tí mo fẹ́ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Mọ́lẹ́tẹ̀. Mọ́tò tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ wá rà lọ́dọ̀ wa ló kọṣẹ́ síwájú ilé bàbá mi, ibẹ̀ la ti mọra. Mo rò pé láti ilé kan sí ilé kejì ni mò ń lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde lọ ra búrẹ́dì ní Bẹyẹrúnkà, níbi tí agboolé ọkọ mi wà, ni mo mọ̀ pé mo ti jìnnà. Pẹ́ẹ̀nì làwa ń pe búrẹ́dì ní Kétu, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Mo ní kí obìnrin náà ta pẹ́ẹ̀nì fún mi.

Ó ní, "Mi ò ta báírò o. Ẹ wo ìsọ̀ tó wà lókè yẹn."

Mo na ọwọ́ sí búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti ní orúkọ ládùúgbò: Ìyàwó Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi, ó sì jìnnà sí Kétu. Mo ṣàlàyé fún wọn títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo ń dáhùn.

Tí èèyàn bá lọ síbi tí wọn ò ti gbọ́ èdè rẹ̀ rárá, wọ́n á mọ̀ ọ́n ní àlejò, wọ́n á ní sùúrù fún un. Ṣùgbọ́n tí èdè yín bá jọra, tí kò wá rí bákan náà, ńṣe ni wọ́n máa rò pé o kàn ń sọ èdè wọn láìdáa ni. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó dà bí ẹni ń kọrin. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní ìyàwó yìí ní ìgbéraga. Mo kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, kí n sì máa fi ẹ̀rín músẹ́ parí rẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ ni mo kọ́ nílé. Mo rí ìsọ̀ kékeré kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mo sì ń rán jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ọmọ fi ń sọ láàárín ara wọn pé abẹ́rẹ́ Kútọnu kì í tú, pé ọmọ á dàgbà kọjá aṣọ náà kó tó ya. Inú mi máa ń dùn sí i. Mo máa ń sọ ọ́ fún ìyá mi tó bá pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Mísà, òun náà á sì sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, ahọ́n mi á tú. Rááṣídì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ mi, á ní, "Ìwọ lò ń pariwo tó báyìí?"

Ìyá ọkọ mi ń ta bùútà ní Ọjà'ba, àwọn kẹ́tùlù oníke tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyá Oníbùútà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Màmá lèmi ń pè é. Kò fìyà jẹ mí. Nígbà tí mo gba ẹ̀sìn wọn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kírun, tí mo bá sì ṣì í, á tún un kà díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi mọ̀ ọ́n. Àbúrò ọkọ mi obìnrin kan wà nínú ilé tí kò tíì lọ́kọ. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo sọ ọ́ ní Ìbàdí-Àrán. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín nínú agboolé yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo bí Mútíátù.

Ó pupa díẹ̀ bíi tèmi, ó ní ojú ńlá bíi ti bàbá rẹ̀. Èdè Kétu ni mo fi ń bá a ṣeré, mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èwo ni mo tún fẹ́ fi bá ọmọ tí mo gbé sórí ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀? Ó ń rìn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rìn. Ó mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀: omi, gbà, bàbá. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ omi mọ́. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ gbà. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń pa àtùpà inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ló gbẹ̀yìn. Rááṣídì á gbé e sókè, á ní, "Ta ni mí?" Ọmọ náà á máa wo fáànù tó ń yí lókè àjà.

Kò wojú ẹnikẹ́ni. Tí a bá pè é, kò yíjú. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá já ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá kejì, yóò sáré wá. Nítorí náà etí rẹ̀ kò di.

Màmá pè mí sínú yàrá rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ìwọ ń sọ tìrẹ, àwa ń sọ tiwa, Faransé tún ń yọ nínú ẹ̀. Orí ọmọ ti dàrú. Kò mọ èyí tó máa gbé. Fi tìrẹ sílẹ̀ ná, kó lè gbọ́ ẹyọ kan."

Mo fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe rí. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, màá kọ́kọ́ dúró, màá tò ó lọ́kàn bí Ìbàdàn ṣe máa sọ ọ́, kí n tó sọ ọ́. Orin tí ìyá mi kọ fún mi, mi ò kọ ọ́ fún un mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tí ìyá máa ń sọ sétí ọmọ rẹ̀, tí kò nítumọ̀ fún ẹlòmíì, mi ò ní irú wọn nínú èdè tiwọn. Nítorí náà, ó di pé mò ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ó sì tún ń dákẹ́ síwájú sí i.

Ìpè ìrun ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́sálásí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé wa, wọ́n sì ra gbohùngbohùn tuntun sí i nígbà ààwẹ̀. Bí ladàánì bá ti pe ìrun Làásárì, Mútíátù á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, á máa ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. Ọmọ ilé Mùsùlùmí, tí kò lè gbọ́ orúkọ Ọlọ́run kó má ké. Àwọn èèyàn tó ń lọ kírun á dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún Màmá, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: "Ohun tó wà lára ọmọ yín kò fẹ́ gbọ́ àdúrà ni."

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Mo bá wọn lọ. Ààfáà náà kì í ṣe èèyàn búburú. Ó ka Kùránì lé e lórí, ó sì fún wa ní hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Wọ́n ní kó máa mu ún láàárọ̀, ká sì máa bù ú sí i lórí. Mútíátù kò fẹ́ kí omi kan òun lórí. Èèyàn mẹ́ta ló máa ń mú un mọ́lẹ̀, èmi náà wà nínú wọn, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, kì í ṣe ojú mi.

Ìgbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìlera àdúgbò nítorí ibà ni nọ́ọ̀sì àgbà kan pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì gbé gègé sílẹ̀.

"Ìyá Mútíà, ṣé báyìí ló ṣe máa ń ṣe nílé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní orí rẹ̀ ló dàrú, pé èdè méjì ló gbọ́.

Ó ní, "Ọmọ tó gbọ́ èdè mẹ́ta ń bẹ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú ẹ̀ rí. Ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀mí kankan. Bí ọpọlọ àwọn kan ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ ni, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wò ó."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé lẹ́nu bí ẹni gbé ẹyin. Mo ń pè é lábẹ́ ẹnu kí n má bàa gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe Kétu, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Faransé. Ó kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní.

Mi ò lè sọ ọ́ nínú agboolé, níbi tí ògiri ti létí. Mo wọ takisí Máíkírà lọ bá Rááṣídì ní Mọ́lẹ́tẹ̀. Ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan, wáyà pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, kò dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, "Oògùn wo ni wọ́n máa fún un?"

"Nọ́ọ̀sì ní kò sí oògùn tó ń wò ó. Wọ́n máa ń kọ́ wọn ni, díẹ̀díẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ibà ni, ǹ bá ti gbé e lọ. Wọ́n á fún un lóògùn, á tán. Èyí tí wọ́n á kàn sọ lórúkọ, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ká ṣáà mọ̀ ni, Bàbá Mútíà. Ẹ ò rí bá a ṣe ń mú un mọ́lẹ̀?"

"Tá a bá wá mọ̀ ń kọ́? Orúkọ yẹn, tí wọ́n bá ti fi kàn án, ta ló máa yọ ọ́? Gbogbo Bẹyẹrúnkà á ti gbọ́ kó tó di Jímọ̀. Wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ àbúrò mi, ṣé wọn ò ní yí padà?"

Ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wá jókòó sórí bátìrì kan. Ó ní, "Mo ṣì ń retí kó pè mí ní bàbá. Láràárọ̀ tí mo bá jí, mo máa ń rò pé bóyá òní ni. Tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀, mi ò ní lè máa retí mọ́. Ṣé ohun tó o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn?"

Mo padà sílé. Mo rò pé ó ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Èmi náà ní ìrètí kan tí mò ń fi pamọ́, pé bóyá tí mo bá gbé ọmọ náà lọ sí Kétu, tó bá gbọ́ èdè wa ní gbogbo igun ilé, nǹkan á ṣí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ Ìbàdàn ni. Tó o bá gbé e wá síbí báyìí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ á ní o gbé wàhálà ilé ọkọ wá bá wa. Kí la sì máa ṣe fún un níbí? Bó ṣe rí níbẹ̀ náà ló rí níbí. Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Bí mo ṣe fi fóònù sílẹ̀, mo rí i pé Ìbàdàn ní ọmọ Kútọnu ni, Kétu ní ọmọ Ìbàdàn ni. Mo fi ọ̀rọ̀ ọsibítù sílẹ̀. Oṣù kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìdáhùn máa ń rí ìdí tí kò fi ní béèrè: ààwẹ̀ ń bọ̀, òjò ti pọ̀ jù, ilé ìwé fẹ́ wọlé, aṣọ àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, Mútíátù sọnù.

Màmá ti gbé e lọ sí ìsọ̀ ní Ọjà'ba láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ó fẹ́ràn láti máa yí ọmọrí bùútà. Màmá yíjú sí oníbàárà kan, nígbà tó máa yíjú padà, ọmọ ti lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sáré gòkè lọ sí Mápó, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mò ń pe orúkọ ọmọ tí kì í dáhùn. Irú ìpè wo nìyẹn? Mo mọ̀ pé bó tilẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri tó sún mọ́ mi, kò ní sọ pé èmi nìyí. Mo ṣáà ń pè é.

Ní Pópó Yemọja ni mo ti rí i. Ó jókòó sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta kan, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ tutù. Àwọn obìnrin ti yí i ká. Wọ́n ti bi í lórúkọ, wọ́n ti bi í ní ilé, kò fèsì. Obìnrin tó ni ìlọta ti fún un ní ẹ̀pà. Mo já wọ àárín wọn, mo gbá a mú. Ẹ̀rù àti ayọ̀ ló yọ ahọ́n mi sílẹ̀. Èdè Kétu ló ń jáde lẹ́nu mi bí omi, pẹ̀lú Faransé nínú rẹ̀. Mútíátù kò fẹ́ ká gbá òun mú lójijì. Ó ké, ó ń tì mí, ó ń jà láti bọ́.

Ariwo náà pa rẹ́. Onílọta dá ẹ̀rọ dúró.

Ó ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ná, màdáámù. Níbo lẹ ti wá?"

"Bẹyẹrúnkà. Ọmọ mi ni."

"Ohùn yín kì í ṣe ohùn ibí."

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí mo ṣe ń gbìyànjú tó ló ń bàjẹ́ tó.

Ẹlòmíì ní, "Tó bá jẹ́ ọmọ ẹ, pè é kó dá ẹ lóhùn."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mútíà. Mútíátù." Gbogbo ojú wà lára ọmọ náà. Ó ń wo ẹnu ẹ̀rọ tó ti dákẹ́. Mo tún un pè. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ń sọ pé àwọn Kútọnu ló ń kó ọmọ gba bọ́dà lọ. Ọkùnrin kan ti di gèlè mi mú. Ẹnì kan gbá mi létí. Ẹlòmíì ti ń béèrè ibi tí táyà wà, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún gbọ́mọgbọ́mọ. Ọmọ mi ń bẹ níwájú mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ì bá gbà mí, kò sì ní in.

Ohùn Màmá ni mo gbọ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi ni. Ọmọ ọmọ mi ni." Ó ti sáré láti Ọjà'ba láìwọ bàtà. Obìnrin tó ni ìlọta mọ̀ ọ́n, bùútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ Màmá ló ti rà á. Wọ́n tú ká. Àwọn kan bẹ̀ mí. Onílọta bu omi fún mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. Ọmọ ló ń dùn wá ni."

A délé. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "Bí mi ò bá tètè dé ń kọ́?" Ó tún bu omi sí i. "Rááṣídì sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì kan sọ orúkọ kan. Gbé ọmọ lọ. Èmi máa bá ẹ lọ."

Àwa mẹ́rin la lọ sí ọsibítù ńlá nígbẹ̀yìn. Rááṣídì kò sọ pé òun ń bọ̀, ó kàn wọ aṣọ, ó tẹ̀lé wa. Ó pẹ́ kó tó kàn wá, a sì tún padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó parí. Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò ju ọjọ́ orí mi lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Mútíátù, ó ń yí bọ́ọ̀lù, ó ń wo ohun tí ọmọ náà ń ṣe àti èyí tí kò ṣe. Ó bi wá ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Nígbà tó yá, ó ní, "Èdè wo lẹ ń bá a sọ nílé?"

Màmá ló dáhùn. "Yorùbá. Ìyá ẹ̀ ti ń sọ Kútọnu sí i tẹ́lẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀."

Dókítà wò mí. "Kì í ṣe èdè ló fà á. Ẹ ò bá ti máa sọ ọ́. Ẹ ṣì lè máa sọ ọ́."

Ó wá sọ orúkọ náà, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Rááṣídì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé á sọ̀rọ̀?"

"Àwọn kan máa ń sọ. Àwọn kan kì í sọ. Mi ò lè ṣèlérí fún yín."

Rááṣídì mi orí. Ó dìde, ó jáde, nígbà tá a sì máa bá a níta, ó dojú kọ ògiri. Màmá ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Èmi ń ronú nípa gbogbo ìgbà tí mo ti fi gé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu mi fún ọmọ mi, lásán. Mi ò bínú sí Màmá. Kò sí ibi tí ìbínú náà fẹ́ fẹsẹ̀ lé.

Mo fẹ́ sọ pé orúkọ náà ràn wá lọ́wọ́. Ó ràn wá lọ́wọ́ níbì kan: Màmá da hàntú tó kù nù sídìí ògiri, kò sì sẹ́ni tó tún mú Mútíátù mọ́lẹ̀ mọ́. Tí ìrun bá ti fẹ́ kàn, Màmá á gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, á ti fèrèsé. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyá mi. Nígbà kan, Mútíátù mú ọwọ́ mi, ó fà mí lọ sídìí kúlà, ó gbé ọwọ́ mi lé e lórí. Omi ló ń béèrè. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, mo pe Rááṣídì lórí fóònù. Ó ní, "Ó dáa." Ó ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn wà ní òdìkejì ìlú, ó sì ti kún. Wọ́n gba nọ́ńbà mi, wọ́n ní wọ́n á pè. Wọn ò tíì pè. Àwọn ilé ìwé tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù tí mo rán, méjì nínú wọn gbà á wọlé, àwọn méjèèjì náà ló ní kí n wá mú un kúrò. Rááṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí Mọ́lẹ́tẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ fún mi pé ó ti gba yàrá fún obìnrin kan níbẹ̀, pé ó ti lóyún. Nígbà tó wá sílé, mo bi í.

Ó ní, "Mi ò lé ẹ. Ilé ẹ nìyí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan pè mí ni."

Ó yé mi.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òsì tó ń tọrọ Ìbàdí-Àrán kò yí padà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ Mútíátù fún wọn ni. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù díẹ̀, Màmá wá bá mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó dúró, ó ń wo áyọ́ọ̀nù.

Ó ní, "Ìyàwó, lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ máa lè wà nínú yàrá yín? Ìwọ àti Mútíà. Kí àwọn àna kàn lọ tán. Ariwo náà ò sì ní jẹ́ kó gbádùn."

Obìnrin tó sáré láìwọ bàtà wá gbà mí ni. Mo mọ bí ó ṣe nira fún un tó. Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá." Ó dúró díẹ̀ sí i bí ẹni pé ó ń retí kí n bá òun jà. Nígbà tí mi ò jà, ó lọ.

Ọjọ́ náà bọ́ sí Ìsinmi. Mo ti wẹ Mútíátù, mo ti wọ aṣọ tó dáa fún un kí n tó rántí pé a ò lọ síbì kan. Mo ti ilẹ̀kùn láti inú. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to àga, bí wọ́n ṣe ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí ariwo ti dínkù, mo sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fóònù dún. Ìyá mi ti dé láti Mísà.

Ó ní, "Mò ń gbọ́ èèyàn. Ṣé wọ́n ń ṣe nǹkan nílé yín ni?"

"Àbúrò ọkọ mi ló ń lọ ilé ọkọ."

"Ẹn-ẹ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kó bá wọn kalẹ́. Ẹ̀yin ń kọ́, ìwọ àti ọmọ? Níbo lẹ wà?"

Lóde, ẹnì kan ń ka àwọn ọmọ ilé náà fún àwọn àna, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè jáde wá kúnlẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo orúkọ náà títí ó fi kà á tán, kò dárúkọ Mútíátù.

Mo ní, "A wà láàárín wọn, Ìyá."